Wáìnì pupa àdàpọ̀ olówó pọ́ọ́kú lórí tábìlì oúnjẹ alẹ́ ẹbí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ilé wa, èmi ni wọ́n máa ń gbé ìgò wáìnì fún pé kí n ṣí. Mi ò kàwé gboyè nínú rẹ̀ o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ohun tí mo bá tọ́ wò sínú ìwé kékeré kan. Ìgò tí a máa ń ṣí bí gbogbo ẹbí bá pé jọ kì í ṣe olówó ńlá. Wáìnì pupa àdàpọ̀ tí owó rẹ̀ kò ga ni. Ìbéèrè tí àwọn òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò máa ń bi mí lórí rẹ̀ jọra wọn débi pé mo kó wọn jọ síbí. Ohun tí mo ti rí ni pé ìgò olówó pọ́ọ́kú kì í sábà já èèyàn kulẹ̀. Àwa tí a ń bù ú ni a máa ń já a kulẹ̀.

Kí là ń pè ní wáìnì àdàpọ̀ gan-an?

Ẹ̀yà àjàrà tí wọ́n fi ń pọn wáìnì lé ní 1,000, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Wáìnì àdàpọ̀ ni èyí tí ẹ̀yà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, apọntí kì í da àjàrà pọ̀ láti oko. Yóò pọn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú àgbá tirẹ̀. Bí ó bá wá yá, yóò jókòó ti ife mélòó kan, yóò tọ́ tibí wò, yóò tọ́ tọ̀hún wò, yóò fi díẹ̀ nínú eléyìí kún ìyẹn, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi gbà á. Iṣẹ́ yìí dà bíi ti ẹni tó ń se ọbẹ̀, tó ń tọ́ ọ wò, tó sì mọ ohun tó kù.

Ẹ wo Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀yà àjàrà méjì, Cabernet Sauvignon àti Merlot, ni òpó ilé níbẹ̀. Merlot máa ń tètè pọ́n, ó rọ̀ lẹ́nu, ó sì lára. Cabernet Sauvignon ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, awọ rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń fa ẹnu pọ̀. Bí òjò bá ba ìkórè ọ̀kan jẹ́, ó ṣeé ṣe kí èkejì ti wọlé tàbí kó ṣì wà lórí igi láìfarapa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nítorí náà, kì í ṣe adùn nìkan ló bí àdàpọ̀. Ìbẹ̀rù ojú ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Cabernet Franc, Petit Verdot àti Malbec náà máa ń bá wọn dá sí i, díẹ̀díẹ̀.

Ní gúúsù Rhône, agbègbè mìíràn ní ilẹ̀ Faransé, àjàrà Grenache, Syrah àti Mourvèdre ni wọ́n sábà ń dà pọ̀. Àwọn ará Ọsirélíà mú lẹ́tà àkọ́kọ́ lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ń kọ GSM sára ìgò, nítorí náà bí ẹ bá rí lẹ́tà mẹ́ta yìí, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní Rioja ní ilẹ̀ Sípéènì, Tempranillo ni olórí, Garnacha sì máa ń tẹ̀ lé e. Garnacha náà ni Grenache. Orúkọ ló yàtọ̀ bí wọ́n ṣe kọjá ààlà.

Ṣé kì í ṣe ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bo àjàrà burúkú mọ́lẹ̀ ni?

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ti máa ń gbọ́ èyí, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti rí orúkọ àjàrà méjì lára ìgò. Àwọn kan ń fi ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí àdàpọ̀ bá jẹ́ àmì àbùkù, àwọn wáìnì tó lókìkí jù láyé ti wọ gbèsè àbùkù náà tipẹ́. Château Latour àti Château Mouton Rothschild ní Bordeaux, àdàpọ̀ ni wọ́n. Châteauneuf-du-Pape ní gúúsù Rhône, ẹ̀yà àjàrà 13 ni òfin rẹ̀ fàyè gbà.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ìgò tí wọ́n kọ orúkọ àjàrà kan ṣoṣo sí lára lè má jẹ́ àjàrà kan ṣoṣo. Ní Yúróòpù, bí ẹ̀yà kan bá ti kó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, òfin gbà kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 75 ni wọ́n ń béèrè lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ní òun kì í mu àdàpọ̀ ti lè máa mu ún láti ọjọ́ yìí.

Ní Chile, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń mu àdàpọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń pe àjàrà kan tó dà pọ̀ mọ́ Merlot nínú oko wọn ní Merlot. Ní 1994 ni onímọ̀ àjàrà kan láti ilẹ̀ Faransé, Jean-Michel Boursiquot, dúró nínú oko, ó wo ewé rẹ̀ dáadáa, ó sì sọ fún wọn pé Carménère ni, ẹ̀yà Bordeaux àtijọ́ tí ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

Kí ló dé tí èyí fi pọ́ọ́kú, tí òmíràn fi wọ́n gógó?

Ọ̀pọ̀ ohun tó ń gbówó lórí wáìnì, ẹnu kò lè tọ́ ọ wò. Ilẹ̀ olókìkí wọ́n ju ilẹ̀ tí kò lórúkọ lọ. Ọwọ́ èèyàn tó ń já àjàrà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè wọ́n ju ẹ̀rọ tó ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú lọ. Owó wà nínú àkókò pẹ̀lú: wáìnì tí wọ́n tọ́jú sínú yàrá fún ọdún mẹ́ta ti gbé owó onílé dání fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí tiwa kúrò lọ́wọ́ apọntí láàárín ọdún kan tàbí méjì.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí àgbá igi díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Àgbá igi oaku tí wọ́n ń lò ní Bordeaux ń gba lítà 225, ìyẹn ìgò 300. Àgbá tuntun wọ́n, bí wọ́n bá sì ti lò ó bí ìgbà mẹ́ta, òórùn igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Apọntí tó fẹ́ kí ìgò rẹ̀ pọ́ọ́kú kò lè ra irú àgbá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye lítà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó ègé igi oaku tí wọ́n ti yan lórí iná sínú àgbá irin, wọ́n á wà níbẹ̀ bí ewé tíì ṣe ń wà nínú omi gbígbóná. Òórùn vanilla àti èéfín tí ẹ ń gbọ́ nínú wáìnì tí kò wọ́n, ibẹ̀ ló sábà ti ń wá. Mi ò rí èyí bí irọ́. Igi náà ni igi. Ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀.

Ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ wáìnì olówó kékeré kì í rìnrìn àjò nínú ìgò. Inú àpò ràgàjì kan ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, àpò náà á wọ inú kọ̀ńténà, ó lè gbé lítà 24,000 lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìgò 32,000. Ìgbà tó bá gúnlẹ̀ ni wọ́n á tó rọ ọ́ sínú ìgò. Wọn kò san owó gbígbé ìgò, èyí sì dé àpò wa.

Ohun tí owó kékeré kì í sábà rà ni jíjinlẹ̀. Wáìnì ńlá máa ń yí padà nínú ife láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, adùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e mì. Tiwa máa ń sọ gbogbo ohun tó ní lẹ́ẹ̀kan náà. Ní tèmi, láàárín ariwo ọmọdé àti ìtàn àwọn àgbà, ìyẹn kò burú rárá.

Kí ni kí n kà lára ìgò kí n tó rà á?

Ọdún ìkórè ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Irú wáìnì yìí, tuntun ló dára. Wọn kò pọn ọ́n fún ìtọ́jú. Bí ó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ lórí pẹpẹ, mo máa ń fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, agbára ọtí. Ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún sábà máa ń fúyẹ́, ìdá 14.5 máa ń wúwo, ó sì ń gbóná lọ́fun. Fún oúnjẹ tí a ó pẹ́ nídìí rẹ̀, mo fẹ́ràn èyí tó wà láàárín 12.5 sí 13.5.

Ọ̀rọ̀ bíi Reserve kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Ní Rioja, Reserva ní ìtumọ̀ lábẹ́ òfin: fún wáìnì pupa, ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán kó tó jáde, ọdún kan nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú àgbá igi. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè kọ ọ́.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wáìnì pupa kò gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì?

Rárá o, bí ẹ bá sì fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, èyí ni kí ẹ mú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé ìgò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tí a ti ń dáná lórí rẹ̀ láti ọ̀sán. Mi ò fi ọkàn sí i. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, mo ṣí i, mo bù fún bàbá mi kí n tó bù fún ẹlòmíràn. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n fa ojú ro, wọ́n gbé ife náà sílẹ̀ jìnnà sí àwo wọn. “Èyí ń jó mi lọ́fun bí oògùn ikọ́.” Mo fọwọ́ kan ìgò náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí àgbébọ̀ ń sàba lé. Mo da yìnyín àti omi sínú ike kan, mo ki ìgò náà bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn, a sì ń jẹun lọ. Ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, mo nu ara rẹ̀, mo tún bù fún wọn nínú ife mìíràn. Wọ́n mu ún, wọ́n wò mí. “Ṣé òmíràn lo ṣí ni?”

Ìgò kan náà ni. Bí wáìnì bá gbóná, áákóhòlù rẹ̀ máa ń fò jáde, yóò gun imú, yóò jó ọ̀fun, a kò sì ní gbọ́ òórùn èso mọ́. Bí ó bá tutù jù, òórùn á sá pamọ́, ohun tó ń fa ẹnu pọ̀ á sì le sí i. Ibi tó dára ni ìwọ̀n 15 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó fúyẹ́ lè sọ̀kalẹ̀ dé 13. Àwọn tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n mu ún bí yàrá bá ṣe rí, inú ilé olókùúta tó tutù ni wọ́n ń gbé. Yàrá tiwọn kọ́ là ń jókòó sí lónìí. Ìdajì wákàtí nínú fíríìjì tó. Bí àyè kò bá sí, ẹ lo yìnyín àti omi pa pọ̀. Yìnyín nìkan kì í fara kan ìgò yíká.

Irú ife wo ni kí n lò?

Èyí tí ẹ bá ní, bí kò bá ti ní òórùn ọṣẹ tàbí òórùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ gbọ́ òórùn ife òfìfo kí ẹ tó bù sí i. Bí ẹ bá lè rí èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, ó máa ń kó òórùn jọ. Ẹ má bù ú kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta.

Báwo ni mo ṣe lè tọ́ ọ wò láìdi ẹni tó ń ṣe fáàrí níwájú ẹbí?

Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé ìdí ife lé tábìlì, ẹ fi yí roboto lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí atẹ́gùn lè bá a. Ẹ ki imú bọ̀ ọ́. Ẹ mu ún, kí ó yí ẹnu ká kí ẹ tó gbé e mì. Ó parí. Kò gba ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ẹni tí yóò bojú wò yín.

Imú ni ọ̀gá níbẹ̀. Ahọ́n kò mọ̀ ju dídùn, kíkan, iyọ̀, kíkorò àti adùn bíi ti omi ẹran lọ. Gbogbo èso, ewé àti èéfín tí à ń sọ pé ó wà nínú wáìnì, imú ló ń mú un wá, òórùn rẹ̀ sì tún máa ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè. Èdè wa ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni òórùn ń bá wa sọ. Gbígbọ́ là ń gbọ́ ọ.

Màmá mi kò gbà èyí. Mo ní kí wọ́n fi ìka méjì pa imú dé, kí wọ́n mu díẹ̀, kí wọ́n dì í mú sẹ́nu. Mo ní, “Kí lẹ ń gbọ́, Màmá?” Wọ́n fi ọwọ́ kejì ṣe àpèjúwe: wọ́n fi ìka àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ súnmọ́ra, bí ẹni tó ń fún nǹkan. Ó kan díẹ̀, ó sì ń fa ahọ́n, kò sí nǹkan mìíràn. Mo ní kí wọ́n gbé e mì, kí wọ́n sì tú imú sílẹ̀. Ojú wọn là gbòò. “Háà! Èso dé!” Gbogbo tábìlì ló pa imú dé tẹ̀ lé wọn, títí kan àwọn ọmọdé tó jẹ́ omi èso ló wà nínú ife tiwọn, ó sì ṣiṣẹ́ lórí omi èso náà bákan náà.

Bí ó bá kan sísọ ohun tí ẹ gbọ́, ẹ má wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀: ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, awọ bàtà tuntun, eérú tútù, ewé gbígbẹ, èso tó ti pọ́n jù. Àbúrò mi obìnrin sọ nígbà kan pé ó ń rùn bí inú báàgì tí olùkọ́ òun máa ń gbé, àwa méjèèjì sì mọ ohun tó ń sọ. Kò sí ìwé tó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì: kí ẹ tó jẹun, àti láàárín oúnjẹ. Wáìnì méjì ni ẹ máa rí.

Kí ló ń gbẹ mí lẹ́nu yẹn? Ṣé ó ti bà jẹ́ ni?

Kò bà jẹ́. Táníìnì ni. Inú awọ àti kóró àjàrà ló wà, ó sì wà nínú igi àgbá. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bá fi ewé tíì sílẹ̀ pẹ́ jù nínú omi, tàbí tí ẹ bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n jẹ. Ohun kan náà ni. Táníìnì máa ń so mọ́ èròjà purotéènì inú itọ́, itọ́ á pàdánù yíyọ̀ rẹ̀, ahọ́n á sì máa ha bí aṣọ tí kò gbọ́ omi. Wáìnì pupa ní in ju funfun lọ nítorí pé inú awọ rẹ̀ ló ti ń di ọtí. Awọ yẹn náà ló fún un ní àwọ̀.

Nínú àdàpọ̀ rere, Merlot tàbí Grenache ló máa ń rọ agbára yìí lójú. Bí ó bá ṣì le, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn: ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ṣíṣí ìgò lásán kò tó, nítorí ọrùn ìgò ti kéré jù. Bí ẹ kò bá sì lè dúró, oúnjẹ á tún un ṣe.

Báwo ni oúnjẹ ṣe ń tún un ṣe?

Ọ̀rá àti purotéènì inú ẹran ń gba táníìnì sára kó tó dé itọ́ yín, wáìnì á wá rọ̀. Iyọ̀ ń mú kí kíkan àti kíkorò rẹ̀ rọlẹ̀. Ohun kíkan nínú oúnjẹ, bíi tòmátì, fẹ́ wáìnì tó kan pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáìnì náà á dà bí omi.

Àwọn ọ̀tá méjì wà. Àkọ́kọ́ ni ata. Ata àti áákóhòlù máa ń gbèjà ara wọn. Bí wáìnì bá ní ìdá 14.5, ẹnu á jó lẹ́ẹ̀mejì. Bí oúnjẹ bá ta, ẹ mú èyí tó fúyẹ́, tó ní èso, tí táníìnì rẹ̀ kò pọ̀, kí ẹ sì mú un tutù díẹ̀. Èkejì ni ohun dídùn. Bí oúnjẹ bá dùn ju wáìnì lọ, wáìnì á korò bí ewúro. Ẹ jẹ́ kí ife tán kí ìpápánu dídùn tó dé.

Ẹnì kan ní ó dùn, ẹnì kan ní ó kan. Ta ló tọ̀nà?

Àwọn méjèèjì. Lọ́tọ̀lọ́tọ̀ là ń jẹ ẹ̀pà, lọ́tọ̀lọ́tọ̀ là ń jẹ imumu, lọ́tọ̀lọ́tọ̀ là ń jẹ ohun tó bá dùn mọ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó tún ní ìdí. Òórùn èso tó pọ́n máa ń tan ọpọlọ jẹ kó rò pé ṣúgà wà níbẹ̀. Lóòótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ àdàpọ̀ tí kò wọ́n ní ṣúgà díẹ̀ tí apọntí mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀, kó lè rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi ṣúgà mẹ́ta mu tíì, kíkan ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tí kì í fi sí i rárá, dídùn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì. Mo ti rí i tí àbúrò bàbá mi obìnrin sọ ohun tí wọ́n gbọ́, tí àwọn yòókù fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọn kò sì la ẹnu sí ọ̀rọ̀ wáìnì mọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Ó dùn mí títí dòní, nítorí pé nínú gbogbo wa, imú tiwọn ló mú jù.

Ṣé kí n sọ iye tí mo rà á?

Kì í ṣe kí wọ́n tó mu ún. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Caltech àti Stanford ní Amẹ́ríkà fún àwọn èèyàn ní wáìnì bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Wáìnì kan náà ni wọ́n fún wọn nígbà kan pé dọ́là 90 ni, nígbà mìíràn pé dọ́là 10 ni. Èyí tí wọ́n pè ní dọ́là 90 ló dùn mọ́ wọn jù, apá ọpọlọ tó ń gbọ́ ìgbádùn sì ta jí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn kò parọ́ o. Ó dùn mọ́ wọn lóòótọ́. Owó ló wọ inú ife.

Ojú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní 2001, ní Bordeaux, wọ́n pò aró pupa tí kò ní òórùn mọ́ wáìnì funfun, wọ́n gbé e fún àwọn 54 tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa wáìnì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe wáìnì pupa ni wọ́n lò fún un. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, nínú ìtọ́wò tó lé ní 6,000 tí wọ́n ṣe láìjẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ìgò tàbí owó rẹ̀, àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ kò fẹ́ràn èyí tó wọ́n ju èyí tó pọ́ọ́kú lọ. Bóyá kí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ dín díẹ̀.

Ohun tí a máa ń ṣe nílé wa nìyí. Mo máa ń fi bébà ìwé ìròyìn wé ìgò méjì, mo máa ń kọ 1 àti 2 sí wọn lára. Kálukú á kọ èyí tó wù ú sínú bébà kékeré, láìwo ojú ẹlòmíràn, kí àwọn àgbà má baà sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ sì kàn gbà fún wọn. Ẹ̀yìn náà ni a ó tó tú u. Mi ò mọ ohun mìíràn tó ń mú kí bàbá àti ọmọ jọ jiyàn pẹ̀lú ẹ̀rín tó bẹ́ẹ̀.

Ó ń rùn bí páálí tó rẹ sómi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí?

Rárá. Kọ́ọ̀kì, ìdérí èèpo igi tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò, ló ti kó bá a. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní TCA ló fa òórùn aṣọ tútù tí a kò sá yẹn. Kò lè pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n kò sí atẹ́gùn tó lè wò ó sàn. Ẹ dá a padà bí ẹ bá lè dá a padà. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń yí kì í sábà ní wàhálà yìí, nítorí náà ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi fínígà, atẹ́gùn ti wọlé tipẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe àbùkù rárá. Ẹ rọra bù ú, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Ṣé sulphite ló ń fọ́ mi lórí?

Bóyá ni. Sulphite ni èròjà tí wọ́n ń lò kí wáìnì má baà tètè bà jẹ́. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò bí ó bá ti dé mílígíráàmù 10 nínú lítà kan, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n wáìnì funfun sábà máa ń ní in ju pupa lọ, pupa ni àwọn èèyàn sì ń fẹ̀sùn kàn. Àwọn tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un lóòótọ́. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Davis dábàá pé èròjà quercetin tó wà nínú awọ àjàrà lè dí ara lọ́wọ́ láti tú áákóhòlù palẹ̀. Àbá ni nígbà tí wọ́n gbé e jáde, kì í ṣe ìdájọ́. Ní tèmi, ife omi kan fún ife wáìnì kan, àti oúnjẹ nínú ikùn kó tó kan wáìnì, ti gbà mí lọ́pọ̀ orí fífọ́.

Àwọn wo ni kí n má bù fún?

Àwọn ọmọdé, aláboyún, ẹni tó máa wakọ̀, àti ẹni tí dókítà tàbí oògùn kò gbà láàyè. Metronidazole, bí àpẹẹrẹ, ìkìlọ̀ áákóhòlù wà lára rẹ̀. Ife kan tó jẹ́ mílílítà 150, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 13, ti gbé bíi gíráàmù 15 áákóhòlù wọ ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n kan tí a lè pè ní aláìléwu. Ìgò kan fún èèyàn mẹ́fà tó láti tọ́ wò, mi ò sì rò pé ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má bi ẹni tó bá ní òun kò mu léèrè ìdí. Ẹ bu omi èso sínú irú ife kan náà fún un.

Ó ṣẹ́kù. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ẹ dé e padà lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e sí fíríìjì ní ìdúró. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Atẹ́gùn tó wà lókè rẹ̀ ni ọ̀tá, nítorí náà mo ní ìgò kékeré kan tó ń gba ìdajì, èyí tó ní ìdérí tí a ń yí. Kí a tó jókòó jẹun rárá, bí mo bá ti rí i pé a kò ní mu ìgò náà tán, mo máa ń rọ ìdajì rẹ̀ sínú rẹ̀ títí yóò fi kún dé ẹnu, tí díẹ̀ á fi ṣàn sí mi lọ́wọ́, kí n tó dé e. Lọ́jọ́ kẹta, kí ẹ gbé e síta fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó bù ú. Màmá mi ní ti ọjọ́ kejì ló dùn jù, àwa méjèèjì la sì sábà máa ń mu ún, ní kíṣíìnì, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ.